Ìdí tí láìnì Nàìjíríà fi máa ń dákẹ́ lókè òkun: Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ àti tuntun ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lóde òní, fóònù wà lára ẹ̀ṣọ́ tí èèyàn kì í gbàgbé sílé. Oníṣòwò tó ń ta aṣọ ní ọjà Tejúoṣó ní Yábàá, tó fẹ́ lọ ra ọjà ní Kútọnu, yóò mú fóònù rẹ̀ dání. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀ ní Mushin, tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilẹ̀ China. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá àgbà láti Súrùlérè tó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Láìnì tí gbogbo ẹbí, oníbàárà àti báńkì fi mọ̀ wọ́n ní Èkó náà ni wọ́n fẹ́ kí ó máa dún lọ́wọ́ wọn níbikíbi tí wọ́n bá dé.

Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀ tó ń rú ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò lójú. Ẹlòmíràn yóò dé Amẹ́ríkà, yóò tan fóònù rẹ̀, yóò rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, WhatsApp pàápàá yóò máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe láìnì náà láti Mushin, kò ní dún. Ẹlòmíràn yóò fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì rẹ̀ ní Nàìjíríà, báńkì yóò ní àwọn ti fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́kàn ni pé síìmù òun ti bàjẹ́, tàbí pé owó ti tán lórí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe síìmù náà. Ilé iṣẹ́ fóònù tó wà ní Èkó àti èyí tó wà ní ìlú àjèjì ni kò gbọ́ èdè ara wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ni ó wà nídìí gbogbo wàhálà náà, ó sì yẹ kí ẹni tó ń náwó lórí fóònù mọ̀ bí ó ṣe jẹ́.

Bí láìnì ṣe ń di àlejò

Roaming ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ètò náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé kí láìnì tí èèyàn rà nílé máa ṣiṣẹ́ lórí òpó ilé iṣẹ́ mìíràn, níbi tí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní òpó sí. Ní ọdún 1992 ni ilé iṣẹ́ Telecom Finland àti Vodafone ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ tọwọ́ bọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì GSM. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ tó kù káàkiri àgbáyé ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ara wọn.

Gbogbo síìmù ló ní oríkì tirẹ̀, èyí tó yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ pe ẹni tó ni ín. Oríkì náà máa ń jẹ́ òǹkà 15 tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ orílẹ̀-èdè tí síìmù náà ti wá: 621 ni ti Nàìjíríà, 616 ni ti Benin, 615 ni ti Togo, 620 sì ni ti Gánà. Àwọn tó tẹ̀lé e ń sọ ilé iṣẹ́ tó ni ín: 30 ni ti MTN, 20 ni ti Airtel, 50 ni ti Glo. Ohun tó lè ya èèyàn lẹ́nu ni pé 234 tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Nàìjíríà nígbà tí wọ́n bá ń pe fóònù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń tọ́ka sí nínú oríkì síìmù.

Nígbà tí arìnrìn-àjò bá tan fóònù rẹ̀ ní Kútọnu, òpó tó sún mọ́ ọn jù yóò ka oríkì yìí, yóò sì mọ̀ pé àlejò ló dé. Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, wọn kì í fún àlejò ní yàrá láìbi í léèrè pé ọmọ ta ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé iṣẹ́ tó wà ní Kútọnu yóò ṣe. Yóò ránṣẹ́ sí Èkó láti béèrè bóyá lóòótọ́ ni ọmọ ilé ni ẹni yìí, bóyá wọ́n gbà á láyè láti jáde, àti irú iṣẹ́ tí wọ́n ní kí àwọn ṣe fún un. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà nílé, tó ní àkọsílẹ̀ gbogbo oníbàárà nínú. Òun ni yóò yẹ orúkọ wò, tí yóò fèsì, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni yìí ti wà ní Kútọnu báyìí. Gbogbo ìbéèrè àti ìdáhùn yìí kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá pe láìnì yẹn láti Mushin, ìpè náà kò mọ̀ pé ẹni tí òun ń wá ti kúrò nílé. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà ni yóò kọ́kọ́ lọ bá. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti wo àkọsílẹ̀, tí wọn yóò sì gbé e kọjá sí Kútọnu. Ẹni tó pè yóò sanwó bí ẹni tó pe Èkó. Ẹni tí wọ́n pè ni yóò san owó ọ̀nà tó kù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń yọ owó lórí láìnì ẹni tó kàn gbé ìpè lókè òkun, èyí tó ti bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Ilé iṣẹ́ tó wà nílé náà ni yóò san owó fún ilé iṣẹ́ tó gba àlejò rẹ̀, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe náírà.

Ìran mẹ́rin nínú agbo ilé kan

Ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, ta ìwé àṣẹ ní 285 mílíọ̀nù dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Econet yìí náà ló di Vmobile, tó di Celtel, tó di Zain, kó tó wá di Airtel ní ọdún 2010. Glo bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, Etisalat, tó padà di 9mobile, sì dé ní ọdún 2008. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìran kejì, ìyẹn 2G, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2007 ni NCC ta ìwé àṣẹ 3G. Ní ti 4G, ilé iṣẹ́ Smile gbé tirẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 2013, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi Glo àti MTN tẹ̀lé e ní ọdún 2016, Airtel sì fi Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2018. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021 ni MTN àti Mafab jáwé olúborí níbi tí wọ́n ti ta àṣẹ 5G, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì san 273.6 mílíọ̀nù dọ́là. MTN bẹ̀rẹ̀ 5G ní ọdún 2022, Mafab àti Airtel sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023.

Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣàkíyèsí nínú ìtàn yìí ni pé kò sí ìran kan tó kúrò nílé nígbà tí òmíràn dé. Lórí òpó kan ṣoṣo ní àdúgbò Ojúẹlẹ́gba, 2G, 3G, 4G àti 5G lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀ bíi bàbá àgbà, bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ nínú agbo ilé kan. Ṣùgbọ́n èdè wọn kò dọ́gba. Èdè tí 2G àti 3G fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń pè ní SS7, èyí tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1980, kí GSM fúnra rẹ̀ tó dé. Nígbà tí 4G dé, ó mú èdè tirẹ̀ wá, tó ń jẹ́ Diameter. 5G náà tún dé pẹ̀lú èdè mìíràn, èyí tó jọ ti íntánẹ́ẹ̀tì gan-an.

Ìyàtọ̀ kejì ni ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Lórí 2G àti 3G, ohùn ní ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpè títí dé òpin. 4G kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, dátà nìkan ló ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, wọn yóò gé ohùn rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọn yóò sì dì í bí wọ́n ṣe ń di dátà. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní VoLTE.

Níbi tí VoLTE kò bá sí, fóònù máa ń dá ọgbọ́n kan. Bí ìpè bá wọlé, yóò sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí 4G bọ́ sí 3G tàbí 2G, yóò gbé ìpè náà níbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti parí, yóò gòkè padà. Ẹni tó bá wo òkè ojú fóònù rẹ̀ nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ lè rí i tí àmì 4G yóò yí padà di H, tàbí kí ó di E. Àtẹ̀gùn tí fóònù gùn sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà tó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ kò parọ́, nítorí 2G àti 3G ló ń bá 4G gbé ohùn láti ọjọ́ yìí wá.

Nígbà tí wọ́n yọ àtẹ̀gùn

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè kan pinnu pé àwọn kò fẹ́ bàbá àgbà nílé mọ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ojú ọ̀run tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà kọjá kò pọ̀, ààyè tí 3G gbà ni wọ́n fẹ́ fi fún 4G àti 5G, owó iná àti àtúnṣe ẹ̀rọ àtijọ́ náà kò sì kéré.

Ní Amẹ́ríkà, AT&T pa 3G rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, T-Mobile tẹ̀lé e láàárín ọdún náà, Verizon sì ṣe tirẹ̀ ní òpin ọdún kan náà. AT&T ti pa 2G láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Ní Ọsitrélíà, Telstra àti Optus bẹ̀rẹ̀ sí í pa 3G ní ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti pa 2G ṣáájú rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ tiẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n dínà mọ́ fóònù tí kò bá lè pe nọ́ńbà pàjáwìrì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, kí ẹni tó gbé e dání má baà gbójú lé ohun tí kò ní gbà á lọ́jọ́ ìṣòro.

Kí wá ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìyá láti Súrùlérè tó dé Houston? Bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gbà á lálejò bá ní àdéhùn 4G fún dátà nìkan, fóònù rẹ̀ yóò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, íntánẹ́ẹ̀tì yóò sì wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pè é, fóònù yóò wá àtẹ̀gùn tí yóò gbà sọ̀kalẹ̀, kò sì ní rí i, nítorí wọ́n ti yọ ọ́. Ìpè náà kò ní rí ibi bà lé. Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì lè dé, ó sì lè má dé, ọwọ́ bí àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì ṣe to ọ̀nà rẹ̀ ló kù sí. Kí gbogbo rẹ̀ tó lè gún régé, àfi kí wọ́n tún àdéhùn VoLTE ṣe lọ́tọ̀, kí wọ́n sì dán an wò.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Vodafone àti EE pa 3G wọn ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n 2G ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àdéhùn tó wà láàárín ìjọba ibẹ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ náà ni pé 2G kò ní kọjá ọdún 2033. Àtẹ̀gùn ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti sọ ọjọ́ tí wọn yóò yọ ọ́.

Ojúẹlẹ́gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù

Èèyàn lè béèrè pé kí ló dé tí ilé iṣẹ́ fóònù Nàìjíríà kò kàn bá gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà láyé ṣe àdéhùn tuntun. Ìṣirò lásán yóò fi hàn pé iṣẹ́ náà kò kéré. Bí ilé iṣẹ́ fóònù bá jẹ́ 700 ní gbogbo ayé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ bá ìkejì rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé lójúkojú, àdéhùn 244,650 ni wọn yóò ṣe. Kì í sì ṣe ìwé nìkan. Wọ́n ní láti fi síìmù ránṣẹ́ sí ara wọn, kí wọ́n fi í pè, kí wọ́n fi í gba ìpè, kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí wọ́n sì wò ó bóyá owó tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ nílé bá èyí tó wà lẹ́yìn odi mu. Fún VoLTE, wọ́n tún ní láti yẹ irú fóònù wò, nítorí fóònù kan náà lè gba VoLTE lórí ilé iṣẹ́ kan kí ó má gbà á lórí òmíràn.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i kò yàtọ̀ sí ti àwọn awakọ̀ Èkó. Kò sí ọkọ̀ tó ń gbéra láti òpópónà kọ̀ọ̀kan ní Mushin lọ sí òpópónà kọ̀ọ̀kan ní Yábàá. Ojúẹlẹ́gba ni èrò yóò lọ, níbi tí ọkọ̀ gbogbo àdúgbò ti ń pàdé, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò sì wọ òmíràn. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù náà ní irú Ojúẹlẹ́gba bẹ́ẹ̀. Lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni Syniverse ti Amẹ́ríkà, Comfone ti Switzerland àti BICS ti Belgium. Ẹgbẹ́ MTN pàápàá ní ìpín 20 nínú ọgọ́rùn-ún nínú BICS kí ó tó tà á fún ilé iṣẹ́ Proximus ní ọdún 2021. Ilé iṣẹ́ tó bá so ara rẹ̀ mọ́ irú ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fi ìsopọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé iṣẹ́ mìíràn.

Iṣẹ́ kejì tí ibùdókọ̀ yìí ń ṣe ni iṣẹ́ ògbufọ̀. Bí ilé iṣẹ́ kan ní Èkó bá ń sọ Diameter, tí ẹni tó gba oníbàárà rẹ̀ lálejò kò sì gbọ́ ju SS7 lọ, ẹ̀rọ ògbufọ̀ yóò gba ìbéèrè ní èdè kan, yóò túmọ̀ rẹ̀, yóò sì fi í jíṣẹ́ ní èdè kejì. Ìdáhùn náà yóò tún gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ti lọ jìnnà kò ní já ẹni tó wà lẹ́yìn sílẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn náà kò sì ní ra gbogbo ẹ̀rọ tuntun lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kò lè túmọ̀ ohun tí kò sí. Bí ilé iṣẹ́ kan kò bá ní ẹ̀rọ VoLTE nílé, kò sí ògbufọ̀ tí yóò bá a dá a sílẹ̀ lẹ́yìn odi. Ìdí ni pé nínú ètò tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ yàn láàyò báyìí, ohùn arìnrìn-àjò kì í dúró ní ìlú àjèjì. Bíi dátà ni wọ́n ń gbé e padà wá sórí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ nílé, kí ó tó gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń pè. Ìyá tó wà ní Houston lè fi láìnì Èkó pe aládùúgbò rẹ̀ ní Houston kan náà, kí ohùn rẹ̀ sì la òkun kọjá wá sí Nàìjíríà kí ó tó padà lọ síbẹ̀.

Èyí fi hàn pé wáyà abẹ́ òkun wà lára ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, wáyà mẹ́rin, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, sì mọ̀ ọ́n lára. Bí ohùn bá ti di dátà, ohun tó bá ṣe wáyà yóò ṣe ìpè náà.

Ìtòsí ilé ńkọ́?

Kì í ṣe ẹni tó lọ sí Amẹ́ríkà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 2G àti 3G ṣì wà, nítorí náà àtẹ̀gùn kò tíì di ìṣòro. Owó ló jẹ́ ìṣòro níbẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ mọ̀ pé fóònù lè ṣàdéédé gbá òpó Benin mú nígbà tí olówó rẹ̀ kò tíì kúrò ní Nàìjíríà. Celtel gbìyànjú láti mú owó yìí fúyẹ́ nígbà tí ó dá ètò One Network sílẹ̀ ní Kenya, Uganda àti Tanzania ní ọdún 2006, tí ó sì na ọwọ́ rẹ̀ dé Nàìjíríà ní ọdún 2007. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, àjọ ECOWAS ṣe òfin lórí roaming láàárín àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Láàárín Nàìjíríà fúnra rẹ̀, roaming ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2020 ni NCC fọwọ́ sí i pé kí MTN àti 9mobile dán an wò ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ọdún 2025, nígbà tí 9mobile yí orúkọ padà sí T2, ó ti bá MTN ṣe àdéhùn pé kí àwọn oníbàárà òun máa lo òpó MTN níbi tí òun kò ní òpó sí. Ìlànà kan náà ni: kí òpó béèrè, kí ilé dáhùn, kí wọ́n sì pín owó. Ilé iṣẹ́ tó kéré lè tipa bẹ́ẹ̀ máa bá iṣẹ́ lọ láìjẹ́ pé ó gbin òpó sí gbogbo ìlú.

Ìdí tí Nàìjíríà kò fi lè pa ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan

Ẹlòmíràn lè sọ pé kí Nàìjíríà náà pa 2G, kí gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò NCC ní ìparí ọdún 2024, nǹkan bí láìnì 40 nínú 100 ṣì wà lórí 2G, nígbà tí 4G sún mọ́ ìdajì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lórí 2G yìí ló ń lo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, tí bátìrì rẹ̀ lè lo ọjọ́ púpọ̀, ohun tó wúlò níbi tí iná ìjọba kò ti dúró. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ POS tí wọ́n fi ń san owó fáwọn èèyàn ní Ojúwòyè àti Tejúoṣó náà ní síìmù nínú, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì lè lo 4G. Bí wọ́n bá pa 2G lónìí, ọjà yóò dàrú lọ́la.

Ilẹ̀kùn tí olè mọ̀

Síbẹ̀, ewu wà nínú pé kí ilé iṣẹ́ kan gbé èdè àtijọ́ àti tuntun pọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe SS7, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù kò pọ̀, ìjọba ló sì ni púpọ̀ nínú wọn, gbogbo wọn mọ ara wọn. Nítorí náà, èdè yìí máa ń gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un gbọ́. Bí iṣẹ́ kan bá dé pé oníbàárà báyìí ti wà lọ́dọ̀ wa, ilé lè gbà á bẹ́ẹ̀ láìwádìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì kan fi hàn ní gbangba bí ọ̀daràn ṣe lè fi ọ̀nà yìí tọpasẹ̀ èèyàn tàbí gbọ́ ìpè rẹ̀. Ní ọdún 2017, ó di mímọ̀ pé àwọn olè ti lo ọgbọ́n yìí ní Jámánì láti gba nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, tí wọ́n sì fi kó owó lọ.

5G ní oníbodè tirẹ̀, ẹ̀rọ kan tó dúró sí ẹnubodè nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó ń yẹ ìwé gbogbo iṣẹ́ tó bá fẹ́ wọlé wò, tó sì ń dì í kí ẹlòmíràn má rí i kà lójú ọ̀nà. Ìyẹn dára, àmọ́ olè kì í kan ilẹ̀kùn irin nígbà tí ilẹ̀kùn pákó bá wà lẹ́yìnkùlé. Níwọ̀n ìgbà tí ògbufọ̀ bá ṣì ń gba iṣẹ́ ní SS7, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀ṣọ́ sídìí ilẹ̀kùn yẹn pẹ̀lú, kí wọ́n máa béèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí ẹni tó wà ní Yábàá ní wákàtí kan sẹ́yìn ti wà ní ilẹ̀ Europe báyìí. Àwọn báńkì náà kò gbọdọ̀ fi gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé wọn sínú àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan.

Ohun tí arìnrìn-àjò lè ṣe

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀, kí ó tó kúrò nílé, bóyá láìnì rẹ̀ ti wà lórí roaming, àti bóyá ìpè, kì í ṣe dátà nìkan, yóò ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí ó ń lọ. Ìbéèrè kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Lẹ́yìn náà, kí ó wo inú ètò fóònù rẹ̀ bóyá VoLTE wà níbẹ̀, kí ó sì tàn án. Bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà kí wọ́n máa fi Wi-Fi pe ìpè, kí ó tan ìyẹn náà, nítorí ó lè gbé ìpè wọlé níbi tí òpó ti kọ̀.

Bí ó bá dé ìlú àjèjì tí láìnì kò dún, kí ó má ṣe sáré ju síìmù nù. Kí ó wọ ibi tí wọ́n ti ń yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí fóònù, kí ó sì fọwọ́ yan ilé iṣẹ́ mìíràn, nítorí àdéhùn lè wà pẹ̀lú ọ̀kan kí ó má sí pẹ̀lú ìkejì. Ní ti báńkì, ó dára kí ó ti ṣètò áàpù báńkì tàbí ẹ̀rọ kékeré tó ń mú nọ́ńbà àṣírí jáde nígbà tí ó ṣì wà nílé, kí ó má baà jẹ́ pé ibi tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé àtẹ̀jíṣẹ́ kò wọlé. Ẹni tó bá sì ń lọ sí Kútọnu tàbí Lomé gbọ́dọ̀ pa dátà orí roaming bí kò bá nílò rẹ̀, kí owó má baà jò lọ láìmọ̀.

Ìyókù kù sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ fóònù àti àjọ NCC. Oníbàárà kò lè mọ ìgbà tí Telstra tàbí AT&T yọ àtẹ̀gùn, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè yìí kì í pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójijì, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti máa ń kéde rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá gba owó roaming yẹ kí ó tẹ orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ìpè ti ń wọlé síta, kí ó sì ya àwọn tí dátà nìkan ti ń ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀, ní èdè tí ìyá oníṣòwò yóò fi gbọ́. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó rán an jáde nílé ló yẹ kí ó ti fi ọ̀nà hàn án.